Ẹsẹ̀ Màmá Mi àti Dígí Bàbá Mi

Fọ́tò kan wà ní pálọ̀ wa ní Àkúrẹ́ tí n kì í fẹ́ jókòó kọjú sí. Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni ó ní kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá, kí wọ́n fi férémù aláwọ̀ góòlù sí i, ó sì gbé e kọ́ sókè tẹlifíṣàn, níbi tí ojú àlejò yóò ti kọ́kọ́ bà lé e. Nínú fọ́tò náà, bàbá mi jókòó sórí alùpùpù rẹ̀, ó wọ dígí ojú dúdú, eyín rẹ̀ funfun. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nínú ìjókòó onítáyà kan tí wọ́n so mọ́ alùpùpù náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà gúnwà pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ oyè lọ́rùn. Àlejò á ní, "Áà! Bàbá Bùkún, ẹ ti jayé o!" Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọjọ́ náà. Màmá mi á gbé omi wá, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo máa ń dìde, tí mo máa ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo ti jáde ní yunifásítì, mo ti ṣe agùnbánirọ̀ fún ọdún kan, mo sì ti padà sínú yàrá tí mo ti ń sùn láti kékeré, mo ń wá iṣẹ́ tí n kò rí. Ẹni tí kò níṣẹ́ ló ń ráyè wo fọ́tò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sì ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà bóyá àìríṣẹ́ ló ń bí mi nínú, tí mo wá ń gbé e lé bàbá mi lórí. Rárá o. Mo fẹ́ràn bàbá mi, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ó dùn mí tó báyìí. Ìtàn tí ó ń sọ fún àlejò kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí ó máa ń fò nínú rẹ̀.

Ọ̀nà Ọ̀dà ni a ń gbé nígbà tí wọ́n ya fọ́tò náà, nínú ilé ayálégbé tí yàrá kọjú síra wọn, tí kànga wà láàárín ọgbà. Ìyá Onílé ni ó ni ilé náà, ọmọ Àkúrẹ́ gidi, tí kì í pe ilé ní ilé, "ulé" ni ó ń pè é, tí iṣu sì jẹ́ "usu" lẹ́nu rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, odó rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, gbì, gbì, gbì, iyán àgúnjẹ lójoojúmọ́, bí ẹni pé ẹ̀bà kò tíì dé ìlú. Èmi ni mo máa ń gbá àárín ọgbà láàárọ̀, mo máa ń pọn omi kún kẹ̀ǹgbẹ̀ Ìyá Onílé kí n tó pọn tiwa, òun a sì máa fún mi ní ìpanu iyán tó lẹ̀ mọ́ ọmọ odó. Ṣùgbọ́n ìró tí mo fi mọ ilé wa ju gbogbo ìyókù lọ ni ìró ẹsẹ̀ màmá mi. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un ní kékeré. Irin ni wọ́n fi de ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti itan dé bàtà, irin náà kì í sì í ká. Tí ó bá ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó máa ń dún kọ́-kìrì, kọ́-kìrì. Bí inú rẹ̀ bá dùn, kọ́ àti kìrì a sún mọ́ra. Bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, àlàfo a wà láàárín wọn, èmi a sì ti mọ̀ pé kí n yára gbé omi kaná fún un kí ó tó pè mí. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ tí irin kan irin níbikíbi, ọkàn mi á kọ́kọ́ wá a.

Tíṣà ni màmá mi ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tí ó ní ti ń di aláìwúlò, wọ́n ti kìlọ̀ fún gbogbo irú wọn pé ẹni tí kò bá ti gba èyí tó ga ju ìyẹn lọ yóò lọ ilé. Nítorí náà ni ó ṣe ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Oǹdó nígbà ìsinmi àti ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó kò jìnnà fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Fún màmá mi, ogun ni. Kò lè gun ọ̀kadà, torí pé irin kò jẹ́ kí ó la ẹsẹ̀ lórí rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń nà jáde sí ojú ọ̀nà, kọ̀ndọ́ a sì máa pariwo pé, "Màmá, ẹ ká ẹsẹ̀ yín jàre, èèyàn fẹ́ kọjá!" Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí kọ̀ndọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Màmá mi dáhùn pẹ̀lú ohùn tí ó fi ń kọ́ wa ní ìṣirò: "Ọmọ mi, bí ó bá ṣe é ká ni, ṣé mo máa wọ ọkọ̀ rẹ?" Gbogbo bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọmọdé ni mí, n kò mọ orúkọ ohun tí ó ń ṣe mí, ṣùgbọ́n mo ti ń kọ́ ìbínú látìgbà náà.

Bàbá mi, ọmọ Oǹdó, oníṣẹ́ iná mànàmáná ni ní ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń tún nǹkan ṣe. Nígbà tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ wa, tí àwọn ará Èkìtì kó tiwọn lọ, wọ́n pín tábìlì, wọ́n pín àga, wọ́n pín mọ́tò. Alùpùpù kan ṣẹ́ kù lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ọ́fíìsì, àtijọ́, pẹ̀lú ìjókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìpínlẹ̀ méjèèjì kò sì fẹ́ ẹ. Wọ́n ta á ní gbàǹjo. Bàbá mi rà á, ó tì í wálé pẹ̀lú ọwọ́ nínú òjò, òun àti ìbàjẹ́ rẹ̀. Sáídì-káà ni ó pè é. Àwa ọmọ ọgbà pè é ní ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́.

Ìyá Onílé jáde, ó wò ó, ó pàtẹ́wọ́. "Bàbá Bùkún, ẹ̀yin àti kí ni ẹ jọ ń bọ̀ wá sí ulé mi?"

"Ẹsẹ̀ ni, Màmá," ni bàbá mi wí. Omi òjò ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó yí sí màmá mi tí ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ìyá Bùkún, ẹsẹ̀ rẹ ni mo rà wá yìí. O ò ní ká nǹkan kan mọ́. Wàá na ẹsẹ̀ rẹ síwájú bí ayaba."

Kí n sọ òtítọ́: n kò tíì rí ẹni tí ó fẹ́ràn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ rí, bí bàbá mi ti ṣe fẹ́ràn màmá mi lọ́jọ́ yẹn. Ó tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ǹtì. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ó ń fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, èmi ni mo ń gbá àwọn nọ́ọ̀tì jọ sínú agolo mílíìkì. Ó gé iwájú ìjókòó ẹ̀gbẹ́ náà, ó ní kí wẹ́dà fi kún gígùn rẹ̀ kí irin màmá mi lè nà tán. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jọ jáde, màmá mi di gèlè rẹ̀ le dáadáa, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọbìnrin tí wọ́n ń tì ní jangirọ́fà. Ìró kọ́-kìrì kò sí níbẹ̀ rárá. Ìdí nìyí tí inú ṣe ń bí mi. Bí bàbá mi bá jẹ́ ènìyàn burúkú látìbẹ̀rẹ̀, ǹ bá ti sọ ọ́ nù lọ́kàn mi, ǹ bá ti sinmi.

Màmá mi ni ó fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ sí i lára. Ó ní ohun tí wọ́n bá pè ní ẹsẹ̀ òun, kí ó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bàbá mi pe Sọ́ńdè Ọlọ́dà, tí ó ń kọ nǹkan sára ọkọ̀ èrò ní òpópónà wa. Ìyá Onílé ṣẹ̀fẹ̀ pé ní ọ̀nà Ọ̀dà kò yẹ kí ó ṣòro láti rí ọlọ́dà. Sọ́ńdè kọ lẹ́tà tí ó dára, aláwọ̀ funfun, tí ó ní òjìji pupa lẹ́yìn: ESE MI. Bí Sọ́ńdè ṣe máa ń kọ gbogbo nǹkan nìyẹn, bí gbogbo ọlọ́dà ìlú ṣe ń kọ ọ́, láìsí àmì ohùn, láìsí àmì abẹ́ lẹ́tà. Màmá mi wò ó, ó ní, "Sọ́ńdè, àmì ńkọ́?" Sọ́ńdè ní, "Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n, Tíṣà, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹni tó bá mọ Yorùbá á kà á."

Wọ́n kà á lóòótọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, a gun un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ àwọn bàbá dúró níwájú rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì fi ohùn kọrin kà á sókè: "Ẹ̀ṣẹ̀ mi!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ẹ̀ṣẹ̀ yín mà ń dán o! Gbogbo wa ń fi tiwa pamọ́, ẹ̀yin gbé tiyín wá sí ọgbà Ọlọ́run!" Òmíràn ní, "Ẹ gbé e lọ síwájú pẹpẹ kí Àlùfáà gbàdúrà ìdáríjì sí i lórí." Bàbá mi ń bá wọn rẹ́rìn-ín, torí àwàdà ni lóòótọ́. Ìgbà náà ni obìnrin kan tí ó jókòó sórí àga oníke lábẹ́ igi wo màmá mi tí ó ń fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ jáde nínú ìjókòó ẹ̀gbẹ́, ó wo ohun tí wọ́n kọ, ó sì sọ fún ẹnìkejì rẹ̀, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀ dáadáa: "Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ náà ló ń gbé kiri yẹn."

Gbogbo wa ni a gbọ́ ọ. Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá mi. Mo rí i bí ojú ṣe tì í. Èyí ni mo ti ń gbìyànjú láti ṣàlàyé fún ara mi láti ọdún yìí wá: ojú tì í fún ara rẹ̀, kò tì í fún màmá mi. Ọkùnrin mìíràn ì bá ti lọ bá obìnrin náà wí, tàbí kí ó pe Sọ́ńdè padà kí ó wá fi àmì sí i. Àmì díẹ̀ ni, kí ẹsẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀. Bàbá mi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó gbé páànù dídán kan ti ọ́fíìsì wá, ó gé e, ó sì fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ orí ọ̀rọ̀ náà. Màmá mi ní, "Kí ló dé?" Bàbá mi ní, "Báyìí ló ṣe dára jù."

Bí ẹ̀ṣọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Páànù náà dá wà lára rẹ̀, ó wá dà bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ egbò, ni bàbá mi bá fi dígí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó lè bá a mu. Dígí kan kò tó, ó fi sí apá kejì. Ó fi iná pupa àti iná àwọ̀ ewé yí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ náà ká, òun fúnra rẹ̀ ló fa wáyà rẹ̀. Ó fi fèrè oníròó mẹ́ta sí i, tí àwọn ewúrẹ́ Ìyá Onílé fi ń sá wọ inú igbó. Ó fi òwú pupa wẹ́wẹ́ sí etí rẹ̀ bí ti aṣọ àga àlùfáà. Ó fi lẹ́dà funfun bo ìjókòó, ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí ìsàlẹ̀, ó sì tún fi dígí sí i. Màmá mi ṣì ń bá a ṣe àwàdà nígbà náà. Ó ní, "Bàbá Bùkún, kí ló wà lẹ́yìn yín tí ẹ fẹ́ wò tó báyìí? Ṣé gbèsè ni?" Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín. Àwọn ènìyàn ti ń dúró lójú ọ̀nà wò ó. Wọ́n ń pe bàbá mi ní Kánsẹ́lọ̀, wọ́n ń pè é ní Gọ́mìnà Ọ̀nà Ọ̀dà. Ẹ̀yin tó ti rí ọkùnrin tí ó lo gbogbo ayé rẹ̀ lórí àkàbà, tí ó ń tún iná ọ̀gá ṣe, tí ẹnikẹ́ni kì í mọ orúkọ rẹ̀, ẹ ó mọ ohun tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún un. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti rò ó wò fún un. Inú ṣì ń bí mi.

Torí pé ní ọjọ́ tí lẹ́dà funfun náà dé, tí màmá mi fẹ́ wọlé kí wọ́n lọ sí Oǹdó, bàbá mi na ọwọ́. "Dúró ná, Ìyá Bùkún. Irin rẹ yẹn máa ya lẹ́dà." Ó wọlé, ó mú aṣọ ìnura jáde, ó sì kúnlẹ̀, ó ń fi wé irin ẹsẹ̀ màmá mi láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń di òkú ọmọ. Ìyá Onílé jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń họ èèpo iṣu. Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró. "Bàbá Bùkún," ni ó wí, "ẹsẹ̀ la ń ra bàtà fún o. A kì í ra ẹsẹ̀ fún bàtà."

"Màmá, lẹ́dà òkè òkun ni," ni bàbá mi dáhùn.

"Mo gbọ́. Ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà, òkè òkun ni wọ́n ti rọ irin rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni ó ti di pé bí òjò bá rọ̀, màmá mi kì í wọ̀ ọ́, nítorí kápẹ́ẹ̀tì. Bí ẹrẹ̀ bá wà, kì í wọ̀ ọ́. Bí ìyàwó tuntun kan bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ó fẹ́ kí wọ́n fi gbé òun, bàbá mi á lọ gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, màmá mi á sì padà sínú bọ́ọ̀sì, sọ́dọ̀ àwọn kọ̀ndọ́. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó bá dé nírọ̀lẹ́: kọ́. Àlàfo. Kìrì. Kò bá bàbá mi jà. Ó ní kí á fi í sílẹ̀, pé nǹkan tuntun ni, yóò sú u.

Ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Ìwé tó kẹ́yìn ni, èyí tí ó bá ti ṣe é, ó parí, iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Bàbá mi ṣèlérí pé òun ni òun máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn kan náà ni wọ́n ń fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí a ń pè ní Bàbá Àgbà, joyè àdúgbò ní Oǹdó. Gbogbo wa gbéra ní ọjọ́ Ẹtì, bàbá mi gun alùpùpù rẹ̀, èmi àti màmá mi wọ bọ́ọ̀sì, torí pé bàbá mi ti fọ kápẹ́ẹ̀tì náà, kò tíì gbẹ. Ilé Bàbá Àgbà kún. Àwọn obìnrin ilé ń gún iyán, wọ́n ń yan ẹran ìgbẹ́, èéfín gba ojú gbogbo ènìyàn. Màmá mi jókòó sí igun kan pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lórí itan, ó ń ka ohun tí ó ti há sórí tẹ́lẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì.

Ní àárọ̀, màmá mi ti wọṣọ, ó ti mú ọ̀pá rẹ̀, ó dúró ti alùpùpù náà lẹ́yìnkùlé. Bàbá mi ń fi aṣọ nu àwọn dígí. Bàbá Àgbà jáde pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ó rí ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ náà tí oòrùn ń tàn sí i lára, ó dúró sójú kan.

"Àbúrò mi," ni ó wí, "ṣé wàá jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ rìn yí Oǹdó ká lónìí, nígbà tí èyí wà nílé wa?"

Bàbá mi wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo màmá mi. "Ẹ̀gbọ́n, Ìyá Bùkún ní ìdánwò..."

"Ìyàwó wa," ni Bàbá Àgbà wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ohùn rẹ̀ tutù, "o ò bínú, àbí? Takisí pọ̀ lójú títì. Oyè kì í ṣe ohun tí à ń jẹ lẹ́ẹ̀mejì."

Ìyàwó ilé ni màmá mi. Kí ni ìyàwó ilé fẹ́ sọ lójú gbogbo ẹbí ní ọjọ́ oyè? Ó ní, "N kò bínú, Bàbá." Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí irin rẹ̀ ti gbà á láyè mọ. Ó yí sí bàbá mi. Ó dúró dè é kí ó sọ̀rọ̀. Mo rí ojú rẹ̀, mo rí i pé ó ń dúró. Bàbá mi sọ pé, "Bùkún, sin màmá rẹ lọ." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn dígí náà, ó ń yí wọn padà sínú, kí Bàbá Àgbà lè máa rí fìlà orí ara rẹ̀ bí ó bá ti jókòó.

Ó pẹ́ kí a tó rí takisí, torí pé ọ̀pọ̀ wọn ti bá èrò oyè lọ. Èyí tí a rí gbà ọ̀nà àárín ìlú. A kò tíì rìn jìnnà tí ọ̀nà fi dí. Níwájú wa, ènìyàn kún títì, obìnrin ń kọrin, ọkùnrin ń yìnbọn sókè. Mo na ọrùn jáde lójú fèrèsé. Láàárín wọn ni ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ màmá mi wà, iná pupa, iná àwọ̀ ewé, òwú wẹ́wẹ́, ó ń rọra lọ bí ìgbín. Awakọ̀ wa tẹ fèrè. Bàbá mi fi fèrè oníròó mẹ́ta dá a lóhùn láìbojú wẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ kan sókè, ó ń jùwọ́ sí èrò. Mo kígbe pè é. Mo kígbe títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi ń ta mí. Awakọ̀ ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù, olóyè ló ń lọ." Màmá mi gbé apá rẹ̀ lé ojú fèrèsé, ó tẹjú mọ́ ẹ̀yìn orí bàbá mi. Níbẹ̀ ni ayafọ́tò kan ti sáré lọ síwájú, tí ó kúnlẹ̀ láàárín títì, tí ó ní kí wọ́n dúró. Wọ́n dúró. Gbogbo ọ̀nà dúró dè wọ́n.

Nígbà tí a fi máa dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Ọkùnrin tí ó dúró síbẹ̀ wo ẹsẹ̀ màmá mi, ó wo ojú rẹ̀, àánú sì ṣe é, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní òfin ni, Màmá, ìdajì àkókò ti lọ, ẹ bá wa padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. A jókòó sí abẹ́ igi kan. Láti ibẹ̀ à ń gbọ́ tí ìwé ń dún nínú gbọ̀ngàn. Màmá mi ṣí omi nínú ìgò, ó mu díẹ̀, ó fún mi ní ìyókù. Mo ń sunkún. Ó ní, "Pa ẹnu mọ́, ènìyàn ń ṣe ìdánwò."

Bí ilé-ìwé ṣe wọlé báyìí, wọ́n yọ orúkọ màmá mi kúrò. Ọdún yẹn ni ó fi kọ́ ọmọ ilé ìtọ́jú ọmọdé ní ìdajì ohun tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ ni ó ti ṣe ohun tí ó ṣe. Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí a dé láti Oǹdó, bàbá mi fi ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ náà sílẹ̀ nílé lọ síbi iṣẹ́, màmá mi sì ní kí n gbé sípánà wá. Ó jókòó sílẹ̀ ní àárín ọgbà, irin rẹ̀ nà sí iwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà. Iná. Fèrè. Òwú. Ó yọ àwọn dígí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn sínú abọ́. Ìyá Onílé fi odó rẹ̀ sílẹ̀, ó wá jókòó tì í, ó ń gba nọ́ọ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó yọ páànù dídán náà, ESE MI ṣì wà níbẹ̀, funfun, mímọ́, torí pé òjò kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó rán mi lọ gba búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà díẹ̀ lọ́wọ́ Sọ́ńdè. Ó fi ọwọ́ tíṣà rẹ̀ fi àmì sí abẹ́ E kìíní, ó fi sí abẹ́ E kejì, ó fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé èyí tó kẹ́yìn lórí. Ó fi S sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ó ní kí n kà á. Mo kà á: "Ẹsẹ̀ mi."

"Kà á sókè."

"Ẹsẹ̀ mi!"

"Ó dáa," ni ó wí. "Ṣé o rí i pé kò le?"

Nígbà tí bàbá mi dé, oúnjẹ rẹ̀ wà lórí tábìlì nínú abọ́ onídérí, bí ó ti máa ń wà. Ó fọwọ́. Ó ṣí ìdérí. Dígí ló kún inú rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rí ojú rẹ̀ wẹ́wẹ́ nínú gbogbo wọn.

"Kí nìyí?"

"Oúnjẹ yín ni, Bàbá Bùkún," ni màmá mi wí. Kò fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè. "Òun lẹ ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí. Mo rò pé ebi rẹ̀ ṣì ń pa yín."

Bàbá mi kò jẹun. Kò bú u, kò lù ú, kò sì bẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀, ó kó àwọn dígí náà sínú àpò, ó gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fi ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ tí kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan lára gbé màmá mi lọ sí ìdánwò nínú òjò, irin rẹ̀ lórí páànù lásán, màmá mi sì yege. Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé ìyẹn ni ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, pé ọkùnrin ayé àtijọ́ kì í fẹnu sọ ọ́. Mo ti gbìyànjú láti gbà á bẹ́ẹ̀. Ǹ bá gbà á, bí kì í bá ṣe fọ́tò náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àlejò kan tún wá, bàbá mi tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò gba ẹ̀yìnkùlé lọ. N kò mọ ohun tí ó ṣe mí, ẹ̀rù ń bà mí, mo ń rò pé wọn yóò ní ìwé ti ba ọmọ yìí jẹ́. Mo gbé férémù náà sọ̀kalẹ̀, mo gbé e sí itan bàbá mi, mo na ìka sí igun rẹ̀ lẹ́yìn èrò, níbi tí imú takisí kan ti yọ, tí apá ènìyàn kan wà lójú fèrèsé.

"Dádì, ta ni ó ni apá yẹn?"

Ó wọ gíláàsì rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Èrò ọ̀nà ni."

Nígbà náà ni a gbọ́ ọ láti kíṣìnnì, kọ́-kìrì, kọ́-kìrì, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀ pẹ̀lú ife omi àlejò lọ́wọ́. Kò wo fọ́tò náà. Kò nílò rẹ̀.

"Èmi ni," ni màmá mi wí.

Bàbá mi gbé ojú sókè. Ẹ̀rín tí ó fi ń sọ ìtàn náà ṣì wà lójú rẹ̀, kò tíì ráyè kúrò. "Ìyá Bùkún," ni ó wí, "o wà lẹ́yìn mi níbẹ̀? N kò mọ̀. Ọlọ́run gbọ́, n kò rí ọ."

Màmá mi gbé omi náà kalẹ̀ fún àlejò.

"Dígí yín sì pọ̀ lọ́jọ́ náà," ni ó wí.